Ibi tí ìlà títẹ̀ ti ń wá nínú àwòrán ilé

Ẹni tó bá rí ilé tó tẹ̀ bí ọrun lójú kọ̀ǹpútà lè rò pé ìlà títẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà fi pamọ́. Rárá o. Àmì bíi mélòó kan ló fi pamọ́. Ìṣirò ló ń fi wọ́n fa ìlà.

Bébà àti rúlà tó láti rí i. A ó fi àmì mẹ́ta sílẹ̀: A lápá òsì, B lókè láàárín, D lápá ọ̀tún. A ó fa ìlà láti A dé B, àti láti B dé D. A ó wá àárín ìlà méjèèjì, ká fi ìlà kẹta so wọ́n pọ̀. Àárín ìlà kẹta yìí wà lára ìlà títẹ̀ tí à ń wá. Ká fi A, àárín ìlà A sí B àti àmì tuntun yìí tún un ṣe lápá òsì, ká ṣe bákan náà lápá ọ̀tún, títí igun kankan ò fi ní hàn mọ́. Ìlà náà ò ní kan B láé. B kàn ń fà á mọ́ra ni. Bí ayàwòrán bá gbé B sókè, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Paul de Casteljau ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní 1959 nílé iṣẹ́ Citroën ní Faransé. Mọ́tò ni wọ́n ń yà nígbà yẹn, kì í ṣe ilé.

Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá dábùú ara wọn bí àwọ̀n, wọ́n di ògiri tàbí òrùlé.

Kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wá le. Ìwé ìròyìn á wé mọ́ páìpù omi wẹ́kú, ṣùgbọ́n bí a bá fi bo igbá, á hunjọ ni. Gíláàsì ò sì ṣe é hun jọ, èyí tí wọ́n bá tẹ̀ nílé iṣẹ́ sì wọ́n ju pẹlẹbẹ lọ. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi ń gé ojú igbá bẹ́ẹ̀ sí onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè máa mì, àmọ́ ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ibi yòówù kí àmì mẹ́ta wà, pákó pẹlẹbẹ kan á jókòó lé wọn.

Báyìí ni wọ́n ṣe òrùlé àgbàlá British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣí ní 2000: gíláàsì 3,312, kò sí méjì tó dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fọ́, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò lè bá ojú rẹ̀ mu. Ìwọ̀n tirẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi gé òmíràn.