Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà Kò Dijú sí Ayé

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé ẹlẹ́sìn Búdà kì í dá sí ọ̀rọ̀ ayé: wọ́n á jókòó, wọ́n á dijú, kí ayé máa bàjẹ́ lọ. Bí àwọn ẹlẹ́sìn náà bá wá sọ̀rọ̀ nípa ojú-ọjọ́ tó ń yí padà tàbí nípa ẹlẹ́yàmẹyà, àwọn èèyàn á ní àṣà òyìnbó ló wọ inú ẹ̀sìn náà.

Ní 14 oṣù Kẹwàá 1956, ní Nagpur ní Íńdíà, Ambedkar, amòfin àti olóṣèlú ará Íńdíà, gba ẹ̀sìn Búdà pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn tí wọ́n ń kà sí aláìmọ́ nítorí ìdílé tí a bí wọn sí. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba. Ní 1966, Thich Nhat Hanh, mọ́ǹkì (ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fún ẹ̀sìn náà) ará Vietnam, lọ bá Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ní Chicago lórí ogun Vietnam. Lọ́dún kejì, King kọ̀wé pé kí wọ́n fún mọ́ǹkì náà ní ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel.

Ọ̀rọ̀ igi ló le jù. Fọ́tò àwọn mọ́ǹkì Tháílàndì tí wọ́n ń ró aṣọ aláwọ̀ ọsàn mọ́ igi máa ń kiri, àwọn èèyàn wa á sì ní igi ni wọ́n ń bọ. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá: lọ́dọ̀ wa, ìrókò tí wọ́n bá ró aṣọ funfun mọ́, ẹbọ wà nídìí rẹ̀. Aṣọ tiwọn yìí yàtọ̀. Aṣọ mọ́ǹkì ni. Lófin ẹ̀sìn náà, èèyàn nìkan ló lè di mọ́ǹkì, àwọn tó ń ró o mọ́ igi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn kò ní fẹ́ fi àáké kan ohun tó wọ aṣọ yẹn. Mọ́ǹkì kan, Phrakhru Manas Nathiphitak, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Phayao, ní àríwá Tháílàndì, níparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn agégẹdú ń pa igbó run. Mọ́ǹkì mìíràn, Phrakhru Pitak Nanthakhun, tẹ̀ lé e ní Nan, ní àríwá náà. Ní 1991, ọlọ́pàá mú mọ́ǹkì Phra Prachak nítorí igbó Dong Yai tó ń dáàbò bò. Wọn kì í mú èèyàn nítorí pé ó dijú.

Ta ló kọ́ wọn? Nínú òfin 227 tó de mọ́ǹkì Theravada (ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó wọ́pọ̀ ní Tháílàndì), ọ̀kan ka bíba ewéko jẹ́ léèwọ̀. Lóṣù mẹ́ta òjò, wọn kì í rìnrìn àjò, torí pé láyé àtijọ́ àwọn ará ìlú ráhùn pé wọ́n ń tẹ ewéko àti kòkòrò pa. Ọwọ́ ará abúlé ni wọ́n sì ti ń gba oúnjẹ òòjọ́. Bí odò bá gbẹ tí oko kò so, ebi á pa àwọn náà. Ẹni tó bá ní àṣà òyìnbó ni, kó ṣàlàyé èyí fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé ẹ̀sìn Búdà ń sọ èèyàn di olóòótọ́. Ní Myanmar, mọ́ǹkì tó ń jẹ́ Wirathu wàásù ìkórìíra sí Mùsùlùmí. Láti oṣù Kẹjọ 2017, àwọn Mùsùlùmí Rohingya tó lé ní 700,000 ló sá kúrò níbẹ̀ lọ sí Bangladesh nítorí ìwà àwọn ológun. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé kò ju pé wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ayé lọ, sí rere àti sí búburú. Tí ẹnikẹ́ni bá ní “ẹlẹ́sìn Búdà” ṣe báyìí, ẹ bi í pé àwọn wo, níbo, lọ́dún wo.