Báwo ni fọ́tò ẹni tó kàn lọ wẹ̀ lókun ṣe ń di ẹ̀rí fáwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì?

Ní Ningaloo, ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, láti nǹkan bí oṣù March títí di July lọ́dọọdún, àwọn èèyàn máa ń sanwó kí wọ́n lè bá ẹja tí wọ́n ń pè ní whale shark wẹ̀. Àkurákudà ni o, àmọ́ kì í jẹ èèyàn. Àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín tó ń léfòó nínú omi ni oúnjẹ rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ẹja tó tóbi jù lọ láyé, ó lè gùn tó mítà 18. Àwọn tó ń bá a wẹ̀ ń ya fọ́tò, àwọn olùwádìí ń gba fọ́tò náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fi mọ iye ẹja tó kù. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n sì máa ń béèrè oríṣiríṣi ìbéèrè.

Ṣebí ẹja jọ ẹja? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí wọ́n rí lánàá ni wọ́n tún rí lónìí?

Àmì tótòtó funfun ló kún ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ whale shark, bí wọ́n sì ṣe tò sára ọ̀kan kọ́ ni wọ́n ṣe tò sára òmíràn. Ilà ojú máa ń sọ ìdílé tí èèyàn ti wá. Àmì ti ẹja yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹja náà fúnra rẹ̀ gan-an ló ń tọ́ka sí, ọdún kì í sì í pa á rẹ́. Ọ̀kan wà ní Ningaloo tí ìrù rẹ̀ gé, Stumpy ni wọ́n sọ ọ́. Láti 1995 ni wọ́n ti ní fọ́tò rẹ̀, ó sì ń padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí wọ́n ń fẹ́ nínú fọ́tò kò pọ̀: ẹ̀gbẹ́ òsì, láti ẹ̀yìn ihò karùn-ún tó fi ń mí títí dé òkè lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà ní àmì tirẹ̀, àmọ́ bí ẹnì kan bá fi òsì ránṣẹ́, tí ẹlòmíì fi ọ̀tún ránṣẹ́, ta ló máa mọ̀ bóyá ẹja kan náà ni? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi òsì ṣáájú.

Ta ló wá ń jókòó fi fọ́tò wé fọ́tò?

Brad Norman, onímọ̀ nípa ohun alààyè inú òkun, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn fọ́tò náà jọ ní Ningaloo ní 1995. Ojú lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wò ó, iṣẹ́ náà sì tó pa èèyàn. Ojú ọ̀run ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ní 1986, Edward Groth, tó ń wádìí nípa ìràwọ̀, ti gbé ọ̀nà kan jáde tí kọ̀ǹpútà lè fi mọ̀ bóyá apá ibì kan náà lójú ọ̀run ni àwòrán méjì ń fi hàn. Jason Holmberg, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti Zaven Arzoumanian, tó mọ̀ nípa ìràwọ̀, dara pọ̀ mọ́ Norman, wọ́n fi àmì ara ẹja rọ́pò ìràwọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà á mú àmì mẹ́ta, á fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì títí tó fi di igun mẹ́ta. Yálà ẹni tó ya fọ́tò súnmọ́ tàbí ó jìnnà, igun mẹ́ta náà lè kéré tàbí kó tóbi, àmọ́ ìrísí rẹ̀ kì í yí padà. Bí ọ̀pọ̀ irú igun bẹ́ẹ̀ bá bára mu nínú fọ́tò méjì, kọ̀ǹpútà á dá a lábàá pé ẹja kan náà ni. Èèyàn ló ṣì máa ń wò ó kẹ́yìn kó tó fọwọ́ sí i.

Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹja, kí ló dé tí wọ́n fi gbà á gbọ́?

Òun kọ́ ni wọ́n gbà gbọ́, fọ́tò rẹ̀ ni. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà: ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì lè tún fọ́tò náà wò lẹ́yìn ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀ níbi tó bá ti jẹ́ pé ojú òmùwẹ̀ ló ń ka ẹja. Àwọn tó ń ṣe Reef Life Survey, ètò kíka ẹja tó bẹ̀rẹ̀ ní Tasmania, ní Ọsirélíà, máa ń kọ́kọ́ kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn dáadáa. Wọ́n á ta okùn ìwọ̀n mítà 50 sísàlẹ̀ omi, wọ́n á máa wẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa kọ irú ẹja tí wọ́n rí àti iye rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ omi níbẹ̀.

Báwo ni fọ́tò ṣe ń sọ iye ẹja tí wọn ò rí?

Ká ní wọ́n rí 100 lọ́dún yìí, wọ́n tún rí 100 lọ́dún tó ń bọ̀, tí 50 nínú wọn sì jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìdajì gbogbo wọn ni wọ́n ti yà lọ́dún àkọ́kọ́, wọn á sì tó 200. Ìṣirò gidi le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn kan ń kú, àwọn kan ń ṣí lọ. Nígbà tí 2014 fi parí, ẹja tó lé ní 6,000 ni wọ́n ti dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní orílẹ̀-èdè 54.

Kò wá ní àbùkù ni?

Ó ní. Ibi tí èèyàn bá ti ń wẹ̀ nìkan ni fọ́tò ti ń wá. Akọ tí kò tíì dàgbà tán ló pọ̀ jù ní Ningaloo. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan lèèyàn mọ̀, á rò pé abo ò sí mọ́. Àwọn abo ńláńlá wà ní erékùṣù Darwin ní Galápagos, nínú Òkun Pàsífíìkì, àwọn tó ń gbé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ omi ló ń yà wọ́n níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àwọn ọkọ̀ tó ń fi àwọ̀n ńlá kó ẹja tuna máa ń pàdé whale shark létíkun Gabon, nítorí náà ẹja yìí wà nínú òkun ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó máa wọ omi lọ yà á ni kò pọ̀.

Kí ni ẹni tó bá fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ mọ̀?

Ní Ningaloo, èèyàn mẹ́wàá péré ló lè wà lọ́dọ̀ ẹja kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn ju mítà mẹ́ta lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, iná kámẹ́rà ò sì gbọ́dọ̀ tàn. Ojú fọ́tò tí gbogbo èèyàn máa ń sáré yà, ẹnu rẹ̀ tó là gbàùgbàù, dára fún Facebook, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ìwádìí. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ẹ sì yà á nígbà tí ihò ìmí rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú yín. Fọ́tò àtijọ́ náà wúlò, tí ẹ bá ṣáà lè sọ ọjọ́ tí ẹ yà á àti ibi tí ẹ ti yà á.