Ẹ Má Tíì Fi Sánpépà Kan Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Àtijọ́ Yẹn

Bí ẹ bá ń kó ẹrù bàbá àgbà jáde nínú yàrá, tí ẹ wá rí ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tí igi rẹ̀ ti dúdú, tí irin orí rẹ̀ sì ti dípẹtà, ohun méjì ló sábà máa ń sọ sí wa lọ́kàn ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹlòmíràn á gbé e lọ fún wẹ́dà kó fi ẹ̀rọ dán irin náà, ẹlòmíràn á ní kí káfíńtà fi sánpépà bó igi rẹ̀ títí yóò fi mọ́ gbòò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ohun èlò onígi àtijọ́ ni mo ń tún ṣe, mo sì lè sọ fún yín pé ọ̀pá tí ọjọ́ orí bà jẹ́ kì í fún mi ní wàhálà tó èyí tí ẹni tó fẹ́ kó dán bà jẹ́. Òǹtẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ti họ kúrò lára irin, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè dá a padà.

Kí irin tó gba ipò igi, híkórì láti Amẹ́ríkà ni igi tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá wọ̀nyí. Igi yìí le, ṣùgbọ́n kì í ṣe líle akúfọ́: ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò na padà. Ọdún 1929 ni R&A, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré náà ní St Andrews ní Scotland, tó fọwọ́ sí ọ̀pá onírin. Síbẹ̀, ní 1930, ọ̀pá onígi ni Bobby Jones, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, fi gba ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ọdún kan ṣoṣo. Láyé ìgbà yẹn, orúkọ ni wọ́n ń pe ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mashie, niblick, brassie, kó tó di pé nọ́ńbà gbòde.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú kò ná yín lówó. Ẹ wá òòfà, kódà èyí tó wà nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ yóò ṣiṣẹ́. Ẹ fi kan ọ̀pá náà, kì í ṣe orí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn kan ń fi ohun tó ní àwọ̀ igi bo ọ̀pá onírin kí ojú àwọn agbágọ́ọ̀fù lè mọ́ ọn lára. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, àtúnṣe rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ dáadáa. Alágbẹ̀dẹ tó rọ irin náà sábà máa ń lu àmì tirẹ̀ sí i. Bí ẹ bá rí páìpù kékeré tí wọ́n fi ń mu tábà, àmì Tom Stewart ti St Andrews nìyẹn. Ẹni tó tà á náà lè ti lu orúkọ rẹ̀ sára igi, nísàlẹ̀ ibi tí awọ parí sí. Àwọn àmì wọ̀nyí ni ìwé ẹ̀rí ọ̀pá, òun ni sánpépà sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ má retí pé yóò sọ yín di olówó o. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe jáde rẹpẹtẹ, owó wọn kò tó nǹkan. Ohun tó mú kí n máa tọ́jú wọn ni pé ọwọ́ ènìyàn hàn lára wọn ketekete.

Ní ti ìmọ́tótó, aṣọ tí ẹ fi omi díẹ̀ ta tí ẹ sì fún gbẹ ti tó fún igi. Fún irin, ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ pa á, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá fi wúùlù irin tó kúnná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí, họ ìpẹtà pupa kúrò jẹ́jẹ́. Bí pupa bá tán, tó ku àwọ̀ ṣíṣú, ẹ dúró síbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tí àwọn kan fi ń fọ irin kò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Orí tó ń mì ni wọ́n ń gbé wá jù. Etí ọ̀sà la wà: lásìkò òjò igi á mu ọ̀rinrin, á wú, bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sì sún kì. Orí tó dúró gbọn-in ní oṣù Keje lè máa mì ní oṣù Kìíní. Àwọn kan á wá rì í sínú omi mọ́jú. Lóòótọ́ yóò le fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá tún gbẹ, yóò tú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin láti inú.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí. Ìṣó tín-ín-rín kan wà ní ọrùn irin náà, tó gba inú irin wọ inú igi. Wọ́n ti fi fáìlì fá a dọ́gba, nítorí náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ óò rí àmì róbótó. Ẹni tó bá fa orí láì yọ ìṣó yìí, igi ni yóò ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Pọ́ǹṣì tó tín-ín-rín ju ìṣó lọ ni mo fi ń tì í jáde. Bí kò bá gbà, mo fi dírílì lu àárín rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ẹ̀rọ máa ń rọ gúlù àtijọ́. Iná wẹ́dà kò gbọdọ̀ débẹ̀, torí irin tó bá ti pọ́n nínú iná ti pàdánù àwọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, igi inú rẹ̀ á sì di èédú.

Bí igi náà bá ṣì yè, mo fọ gúlù àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun, mo sì dá ìṣó padà sójú ihò rẹ̀. Bí ó bá ti jẹrà, àfi igi tuntun. Ìrókò àti ọ̀gánwó dára fún ilẹ̀kùn àti àga, ṣùgbọ́n wọn kò tó híkórì fún ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù. Mo máa ń ní kí wọ́n bá mi kó híkórì wọlé, mo sì ń yan èyí tí iṣan rẹ̀ lọ tààrà láti òkè délẹ̀. Mo pa ṣọ́ọ̀kì sínú ọrùn irin, mo ki igi bọ̀ ọ́, mo fà á yọ. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá lẹ̀ mọ́ nìkan ni mo ń fá. N óò tún kì í bọ̀ ọ́, n óò tún fá, títí yóò fi jókòó. Ẹni tó bá ń kánjú níbí, gúlù ni yóò máa fi dí àlàfo, orí yẹn á sì tún mì.

Ọ̀pá tó wọ́ ṣeé nà, bí kò bá ti sán. Mo fi òróró lìnsíìdì pa á, mo ń yí i lórí afẹ́fẹ́ gbígbóná títí ọwọ́ kò fi ní lè dì í mú pẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ kọjá títọ́ díẹ̀ sí òdìkejì, mo sì dì í mú títí yóò fi tutù. Kì í sábà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ọ̀pá kan wà tí orí wọn jẹ́ igi dípò irin. Àwọn yìí ní òwú tí wọ́n wé mọ́ ọrùn wọn. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn apẹja wa ṣe ń wé ẹnu okùn kó má bàa tú, tí wọ́n ń fi ìparí rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ara rẹ̀ láì ta kókó, ti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Òwú lílẹ́nì tí wọ́n fi ìda pa ni kí ẹ lò. Náílọ̀nù àwọ̀n ẹja wà káàkiri ọjà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, kò sì bá ọjọ́ orí ọ̀pá mu. Ní ti awọ ibi ìdìmú, bí kò bá tíì já, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sórí pápá gọ́ọ̀fù Lakowe, ẹ wá bọ́ọ̀lù tó rọ̀, kí ẹ sì gbá a láti orí koríko nìkan. Nílé, ẹ má fi gbára ti ògiri, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìkọ́ méjì ní ìbúlẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti lè pa á, kí ẹ sì fi òróró nu irin rẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.