Paracetamol Kò Mọ Ọ̀nà Orúnkún

"Dókítà, ẹ bá mi wá ti orúnkún, kí ẹ fi ti orí kún un." Apòògùn ni mí, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Bí mo bá wá na paracetamol kan ṣoṣo sí wọn, ojú wọn á fà ro: wọ́n ní ti orí nìyẹn.

Kò sí oògùn orúnkún nínú páálí yẹn o. Ibuprofen àti diclofenac ló máa ń lọ bá ibi tó wú. Ọ̀nà ọpọlọ ni paracetamol ń tọ̀. Ẹ̀dọ̀ á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di èròjà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ á gbé èyí dé ọpọlọ, ọpọlọ á so ó mọ́ èròjà ọlọ́ràá kan, ó di AM404. AM404 yìí ló ń kan TRPV1, ohun kan náà lára iṣan tí ata rodo ń kàn tí ẹnu fi ń ta yín. Nínú ọpọlọ, ìtura ló ń fà. Láàárín ọpọlọ níbẹ̀, ibi tí à ń pè ní periaqueductal gray, ni oníbodè ìrora jókòó sí. Bí AM404 bá ti jí i, oníbodè á ránṣẹ́ gba ìdí ọpọlọ lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn pé kí wọ́n dá ìròyìn tó ń bọ̀ láti orúnkún dúró. Serotonin, èròjà kan nínú ara, wà lára àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà, ìdí nìyí tí oògùn èébì kan tó ń dènà serotonin fi lè ba iṣẹ́ paracetamol jẹ́. Wọ́n dán an wò lára eku tí kò ní TRPV1: paracetamol ò dín ìrora rẹ̀ kù. Ó ní ọ̀nà mìíràn tó tún ń gbà, àmọ́ èyí ló wù mí jù.

Orúnkún ò tíì sàn. Ìròyìn rẹ̀ ni kò dé òkè.

Ẹ ò lè rí èyí gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kiri oògùn nínú bọ́ọ̀sì, tàbí àwọn tó ń di hóró aláràbarà sínú ọ̀rá fún yín. Bíríkìlà kan ra ti ọ̀rá, ó ra ti ọ̀fìnkìn, ó tún ra ti ẹ̀yìn, ó ń lo gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Paracetamol ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Hóró 8 oní-mílígírámù 500 ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníbodè ò níṣẹ́ tuntun tó fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n májèlé tó ń jáde lára paracetamol á borí ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa á. Ọkùnrin náà bì, ara tù ú díẹ̀, wọ́n ní ó ti bọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n pè é ní ibà pọ́njú, wọ́n fún un ní àgbo. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́!

Láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ni acetylcysteine, ẹ̀rọ̀ májèlé náà, ń ṣiṣẹ́ jù. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀dọ̀ ti lọ.