Sphagnum magellanicum

Sphagnum magellanicum jẹ́ ẹ̀yà kan nínú ìran mọ́ọ̀sì Sphagnum. Ewéko kéékèèké aláìlódòdó ni ìran yìí. Inú àbàtà ni wọ́n ti ń hù, òkú ara wọn ló sì máa ń di píìtì, ìyẹn ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí ewéko tí kò jẹrà tán para pọ̀ dá. Ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀yà yìí, pàápàá Patagonia àti erékùṣù Tierra del Fuego tí Chile àti Argentina jọ pín. Pompón ni àwọn ará Chile ń pè é. Títí di ọdún 2018, àwọn ìwé ìmọ̀ ewéko ń kà á mọ́ ohun tó wà káàkiri ayé, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù pé ó lè dín kù. Èrò yẹn ti yí padà.

Ìrísí

Mọ́ọ̀sì yìí kò ní gbòǹgbò. Ewé ẹ̀ka rẹ̀ kó wọnú bíi ṣíbí, àmì tí a fi ń tètè dá a mọ̀ nìyẹn. Níbi tí oòrùn bá ti ń tà sí i dáadáa, a máa pupa fòò. Lábẹ́ ìbòòji, a máa ní àwọ̀ ewé. Sẹ́ẹ̀lì òkú tó ṣófo pọ̀ nínú ewé rẹ̀, omi sì ń dúró sínú wọn, débi pé omi tó ń gbà lè tó ìlọ́po 20 ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Bí orí rẹ̀ ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ń kú. Ó máa ń sọ omi àyíká rẹ̀ di kíkan, afẹ́fẹ́ kì í sì í ráyè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà àwọn kòkòrò àìfojúrí kì í lè jẹ òkú ewéko náà tán.

Orúkọ àti ìpínsísọ̀rí

Bridel, onímọ̀ ewéko, ló fún un ní orúkọ yìí ní 1798, nítorí ọ̀nà omi Magellan tí a ti rí i. Lẹ́yìn náà, nǹkan bí gbogbo mọ́ọ̀sì àbàtà pupa tí ewé rẹ̀ kó wọnú, láti Norway títí dé Kánádà, ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ kan náà pè. Ní 2018, Kristian Hassel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àbájáde ìwádìí àbùdá ara àti ìrísí hàn pé ẹ̀yà mẹ́ta ló wà lábẹ́ orúkọ náà. Wọ́n dá orúkọ Sphagnum medium padà, èyí tí onímọ̀ ewéko Limpricht ti lò ní 1881. Wọ́n fún èkejì ní orúkọ tuntun, Sphagnum divinum. Wọ́n sì fi Sphagnum magellanicum sílẹ̀ fún ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyẹn, a tún ya Sphagnum diabolicum àti Sphagnum magniae sọ́tọ̀ ní ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìwé àtijọ́ fi èyí sọ́kàn. Bí ìwé kan bá sọ̀rọ̀ nípa S. magellanicum ní Finland tàbí Kánádà, àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń sọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí àbàtà Yúróòpù mọ́ tí a lè fi tu ara wa nínú bí ti Chile bá bàjẹ́.

Ibi tó ti ń hù

Òjò ló ń pín ilẹ̀ fún un. Ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Patagonia, níbi tí òjò àti ìjì Òkun Pàsífíìkì ti le jù, ewéko méjì mìíràn, Donatia fascicularis àti Astelia pumila, ló sábà ń gba àbàtà. Bí a bá ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, tí òjò ń dín kù, S. magellanicum ló ń jọba, tí ó ń gbé àbàtà ga ju ilẹ̀ àyíká lọ. Tí a bá tún kọjá ibẹ̀, ilẹ̀ koríko gbígbẹ la óò bá. A máa rí i dáadáa ní àfonífojì Tierra Mayor lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ushuaia ní Argentina, àti ní Karukinka lápá Chile. Wọ́n ti fi àbàtà òkè Vinciguerra, tó wà nítòsí Ushuaia, sínú àkójọ Ramsar, ìyẹn àkójọ àwọn ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì lágbàáyé, ní 2009.

Ti erékùṣù Chiloé ní Chile yàtọ̀. Yàtọ̀ sí àbàtà àdáyébá, ọ̀pọ̀ ibi tí pompón wà níbẹ̀ jẹ́ ibi tí iná ti jó igbó tàbí tí wọ́n ti gé igi, tí omi òjò kò sì rí ibi gbà lọ mọ́.

Kíkórè àti òfin

Ní Chile, wọ́n ń kórè mọ́ọ̀sì ààyè, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń kó o lọ sí òkè òkun, Taiwan àti Japan wà lára ibẹ̀, fún àwọn tó ń gbin òdòdó ọ́kíìdì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Chiloé ló ń rí owó nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Chiloé kò ní òkè oníyìnyín tó lè fún odò lómi nígbà ẹ̀rùn. Omi tí igbó àti àbàtà bá fà pamọ́ ni odò ń retí, ibi tí wọ́n bá sì ti ká mọ́ọ̀sì ní àkátán, kì í tètè hù padà.

Kí ó tó di 2024, òfin Chile tilẹ̀ ń wo ewéko kan náà ní ojú méjì: mọ́ọ̀sì ààyè wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, píìtì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ òfin ìwakùsà, débi pé ẹlòmíràn lè gba ẹ̀tọ́ láti wà á lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣẹ ìjọba nọ́ńbà 25, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ní kí olùkórè gba ìfọwọ́sí ètò ìkórè lọ́wọ́ SAG, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn. Ní oṣù kẹrin 2024, Òfin 21.660 ka wíwa píìtì léèwọ̀, ó sì fàyè gba kíkórè mọ́ọ̀sì lábẹ́ ètò ìtọ́jú tí a fọwọ́ sí nìkan.

Ní Argentina, ìpínlẹ̀ Tierra del Fuego sọ Península Mitre di ibi ààbò ní oṣù kejìlá 2022. Níbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àbàtà píìtì orílẹ̀-èdè náà wà.

Ewu mìíràn ni bífà, ẹranko Àríwá Amẹ́ríkà tó máa ń gé igi dí odò. Ní 1946, Argentina kó 20 wá láti Kánádà sí Tierra del Fuego nítorí awọ wọn. Wọ́n ti bí sí i, wọ́n sì ti dé apá Chile. Wọ́n ń la ọ̀nà omi gba inú píìtì kọjá, omi tí wọ́n dí sì ń bo mọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ní 2008, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn láti mú wọn kúrò.