Scan mọ́, ẹ̀yìn ń ta: kì í ṣe dandan kó jẹ́ iṣẹ́ ayé

Bí ohun kan bá ń rìn bí èèrà lẹ́yìn ọ̀dọ́ kan, tí MRI, ìyẹn scan tó ń ya àwòrán inú ara, sì mọ́, ẹjọ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń dá fún un l'Ékòó. Àwọn kan á ní ayé ló ń bá a jà. Àwọn kan á ní irọ́ ló ń pa, kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà gbọ́: pé bí àìsàn bá wà lóòótọ́, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí i.

Eegun, dísìkì àárín eegun àti okùn iṣan tó gba inú wọn kọjá ni MRI ń yà. Ohun tó já, tó yọ, tó wú tàbí tó ń tẹ iṣan ló ń wá. Bí iṣan ṣe ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ kò sí nínú àwòrán. Ẹ ya fọ́tò wáyà NEPA lórí òpó: bó bá já, ẹ ó rí i, àmọ́ fọ́tò ò lè sọ bóyá iná inú rẹ̀ pọ̀ jù. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 33 jọ lórí èèyàn 3,110 tí ẹ̀yìn ò dùn rárá; láàárín àwọn ọmọ 20 ọdún, nǹkan bíi 37 nínú 100 ni dísìkì wọn ti ń gbó nínú scan.

Kí ẹ tó gbà pé scan mọ́, ẹ ka orí ìwé èsì náà. Bí wọ́n bá kọ lumbosacral, ìbàdí àti ìdí nìkan ni wọ́n yà. Eegun méje ti ọrùn àti méjìlá ti àárín ẹ̀yìn ò sí níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti tẹrí ba, ńṣe ni nǹkan ń ṣáná bíi kọ́rẹ́ǹtì láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ọrùn ló yẹ kí wọ́n yà fún un. X-ray ò sì lè rọ́pò MRI. Eegun ló mọ̀, kò mọ iṣan.

Lára ohun tí scan lè má rí ni àìtó fítámì B12. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà ló sábà ń mú. Ti àwọn ọ̀dọ́ tún wà lọ́tọ̀: gáàsì inú báálúùnù (nitrous oxide) tí wọ́n ń fà ní kílọ́ọ̀bù. Gáàsì yẹn ń sọ B12 di aláìwúlò nínú ara. Ẹsẹ̀ á máa ta, ẹ̀yìn á máa ṣáná, MRI sì lè mọ́ níbẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò B12 gan-an lè ní ó pé, torí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn ṣiṣẹ́ mọ́ ni. Àyẹ̀wò homocysteine tàbí methylmalonic acid ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ nípa báálúùnù fún dókítà. Kì í ṣe ọlọ́pàá. Kí wọ́n wo ṣúgà, tàírọ́ìdì àti HIV náà.

Bí a ṣe ń tẹ orí náà wà lára ohun tí scan kì í rí. Orí àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílò márùn-ún. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láti Ọ̀ṣòdì dé CMS nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹran ọrùn àti èjìká ló ń gbé e dání ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ fi àìsùn àti àníyàn kún un, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun kékeré bí ariwo ńlá. Àwọn baba wa kúkú ti fún irú rẹ̀ lórúkọ: ọdẹ orí, ohun tó ń rìn nínú orí, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ sí ara. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ yẹ àwọn tó ní in wò, àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n bá lára ọ̀pọ̀ wọn. Ìyẹn ò sọ ohun tó ń rìn náà di irọ́.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 14: aago tó dé, bí ẹ ṣe jókòó, iye wákàtí tí ẹ sùn. Ẹ máa dìde lórí ìjókòó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn láìgbé ojú sókè, ẹ ka ení dé àrún kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bó bá ń mú kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ta sí i, ẹ dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ní ti àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ní gáréèjì, ọtí fúnra rẹ̀ ń ba iṣan jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí bábà tó ń gẹrun yí ọrùn yín kó dún kọ̀ọ́: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ lè ya.

Ibà tí kò lọ, òógùn òru àti rírù lè jẹ́ ikọ́ ife tó wọ eegun ẹ̀yìn. Kí dókítà tètè gbọ́. Bí ẹsẹ̀ bá wá ń rọ, bí abẹ́ àti ibi tí a fi ń jókòó bá kú, tí ìtọ̀ há tàbí tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dé yàrá pàjáwìrì, ì báà ṣe LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, kódà bí scan oṣù tó kọjá bá mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn.