Ọkọ̀ aláìní asiráǹsì gbá èèyàn: ta ni yóò sanwó?

Ohùn kan ń lọ láti fóònù dé fóònù ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin: pé bí ọkọ̀ tí kò ní asiráǹsì bá gbá èèyàn, ẹni náà ti ṣòfò nìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò san nǹkan kan fún un. Ọ̀pọ̀ yín ló fi ránṣẹ́ pé ká là á yé yín.

Ṣé dandan ni asiráǹsì?
Dandan ni. Òfin asiráǹsì tí wọ́n ń pè ní CIMA, tí Benin àtàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń ná owó sẹfà ń lò láti 1995, ló sọ bẹ́ẹ̀.

Alùpùpù ńkọ́?
Ó kan òun náà. Ẹ bá wa kí zemidjan yín, ọlọ́kadà tó ń gbé yín.

Mo ra ọkọ̀, ìwé asiráǹsì ẹni tó tà á ṣì wà lójú gíláàsì. Ṣé ó bò mí?
Kò bò yín. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ lónìí, asiráǹsì ẹni tó tà á kò ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ náà mọ́ bí òru òní bá ti kọjá. Ìwé ọ̀hún ṣì ń dán, déètì rẹ̀ kò tíì pé, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lè wò ó kó ní kí ẹ máa lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá gbá ọmọ ilé-ìwé lọ́nà Kétu ni ilé-iṣẹ́ asiráǹsì yóò bi yín pé ta ni yín. Bákan náà ni ẹni tó ní òun máa san tòun bí oṣù bá parí: asiráǹsì àwìn kò sí fún àwa mẹ̀kúnnù. Owó gbọ́dọ̀ wọlé kí ààbò tó bẹ̀rẹ̀.

Ta wá ni yóò tọ́jú ẹni tó farapa?
Awakọ̀ àti ẹni tó ni ọkọ̀ ni òfin kọ́kọ́ dì mú. Bí ọwọ́ wọn kò bá ká a, tàbí tí ọkọ̀ bá sá lọ tí a kò mọ̀ ọ́n, àpò ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Fonds de Garantie Automobile. Ohun tí ohùn orí fóònù yẹn kò sọ nìyí. Ara èèyàn ni àpò náà ń rí sí, àti mọ̀lẹ́bí ẹni tó bá kú. Bọ́ńpà yín kò kàn án. Kí awakọ̀ má sì rò pé òun ti bọ́: bí wọ́n bá san án tán, wọn yóò padà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè náà wà níbẹ̀, ẹni tó ń sin ín ló yí padà.

Ọkọ̀ tó ti Nàìjíríà wá ńkọ́?
Asiráǹsì Nàìjíríà nìkan kò tó bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè Ìgólò tàbí Ìlárá. Ẹ gba káàdì búráùn ECOWAS, ìwé asiráǹsì tó ń ṣiṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kùtọnu ní 1982.

Ṣé a kò lè parí rẹ̀ láàárín ara wa?
Bó bá jẹ́ pé ọ̀dà ọkọ̀ ló bó, ẹ parí ẹ̀. Bí èèyàn bá farapa, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ọ̀rọ̀ ti tán; egbò inú lè má hàn títí di ọjọ́ kẹta. Ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n kọ ìròyìn ìjàǹbá náà sílẹ̀, kí dókítà sì kọ tiẹ̀.

Bí mo bá sá ńkọ́?
Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn, àwọn ará àdúgbò sì ti ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ yín.

Bí ẹni tí mo gbá bá kú?
Ẹjọ́ ọ̀daràn dúró lọ́tọ̀. Kò sí asiráǹsì tó ń bá èèyàn ṣẹ̀wọ̀n.

Ṣé wọ́n lè gba ilẹ̀ mi?
Bí ilé-ẹjọ́ bá dá yín lẹ́bi tí ẹ kò sì san, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀, owó báńkì, àti ilẹ̀ tó ní ìwé lórúkọ yín. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe tiyín nìkan, àmọ́ ẹ̀yin náà ni ẹ máa jókòó ṣàlàyé ohun tó gbé ọlọ́pàá dé agbolé.